Koríko Tí Husnah Kò Kúnlẹ̀ Wò

Husnah ti fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù alápatà ní Chadwell Heath, nílùú òyìnbó, kí ó tó rántí pé òun kò dá wà.

"Ẹ káàsán mà, Àlàájà."

Àlàájà Karimot, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un, ó sì fa ẹrù ọjà rẹ̀ lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀rín fi bú lẹ́yìn Husnah.

"Husnah! Ṣé ìyàwó lo fẹ́ fẹ́ ni? Òrùka dà?" Mìdé, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti na fóònù sókè, ó sì ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Mìdé, pa á rẹ́, jọ̀ọ́."

"Pa kí ni rẹ́? Wàláhì, ó dùn ju fíìmù lọ!"

Bùnmi, ọ̀rẹ́ wọn kẹta, tí òun náà máa ń kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ nílé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fíìmù náà ti dé fóònù gbogbo kíláàsì wọn. Ẹnì kan ti fi orin ìgbéyàwó sí i. Nígbà tí wọ́n padà sílé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, ọmọkùnrin kan tí kò bá Husnah sọ̀rọ̀ rí kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì pàtẹ́wọ́. Husnah bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọ ilé ìtọ̀, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ra, ó sì pinnu pé òun kò ní í kúnlẹ̀ níta mọ́, ì báà ṣe fún ta, ì báà ṣe nítorí kí ni.

Bàbá rẹ̀, Kàmọ́rù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kò lè kúnlẹ̀ ní tirẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú koríko ló ń ṣe ní Dagenham láti ìgbà tí Husnah ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lórí orúnkún ló ti ṣe é, nínú òjò, nínú ilẹ̀ tí yìnyín ti mú le bí òkúta, títí orúnkún náà fi kọṣẹ́ fún un. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n tún un ṣe, kò jinná dáadáa. Orí àga ló ti ń kírun báyìí. Nígbà tó wà ní ọsibítù, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti pe ẹlòmíràn. Ẹyọ kan péré ló dúró dè é: ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Barking Riverside, tó ní pápá koríko níwájú àti lẹ́yìn.

"Bí eléyìí bá fi lọ, iṣẹ́ mi parí nìyẹn," ó sọ fún Husnah. "Ta ló máa pe ẹni tó ń tiro kó wá tọ́jú koríko?"

Nítorí náà ni Husnah ṣe di orúnkún bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá a gbé ẹ̀rọ tó fi ń fọ́n oògùn kọ́ ẹ̀yìn, Husnah a sì kúnlẹ̀ wo koríko fún un. Láti kékeré ló ti kọ́ ọ, lórí ilẹ̀ kékeré ẹ̀yìnkùlé wọn. Kàmọ́rù ní orúkọ tirẹ̀ fún oríṣi koríko kọ̀ọ̀kan. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní fẹ́sìkù, Abẹ́rẹ́ ló ń pè é, nítorí ewé rẹ̀ tín-ín-rín, ó ṣeé yí láàárín ìka bí òwú. Èyí tí wọ́n ń pè ní ráìgíráàsì, Ìdí-pupa ni tirẹ̀. Bí èèyàn bá là á dé ilẹ̀, ìdí igi rẹ̀ á pupa bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, ẹ̀yìn ewé rẹ̀ á sì máa dán.

"Láti òkè, ọ̀kan náà ni wọ́n," ni bàbá rẹ̀ máa ń wí. "Pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e mọ́lẹ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé ewé. Kúnlẹ̀, là á, wo ìdí."

Ní Sátidé kan ní oṣù kẹfà, wọ́n fẹ́ fọ́n oògùn sí pápá ẹ̀yìn. Koríko líle kan ti ń hù káàkiri inú rẹ̀ ní ìdì ìdì, ọ̀gá ilé náà sì fẹ́ kó kúrò. Oògùn tó wà lọ́wọ́ Kàmọ́rù kì í fọwọ́ kan Abẹ́rẹ́ rárá, ṣùgbọ́n kì í dá Ìdí-pupa sí. Abẹ́rẹ́ ló wà níwájú ilé. Èyí dá a lójú, òun ló gbìn ín. Ti ẹ̀yìn ni kò dá a lójú. Ẹlòmíràn ló tún gbìn ín nígbà tó wà ní ọsibítù.

Lórí àga lẹ́bàá ìlẹ̀kùn ni Màmá Morónkẹ́ jókòó sí. Aládùúrà ni ìyá arúgbó yìí tó ń gbé inú ilé náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ní gbogbo ọ̀sán tí òjò kò bá rọ̀, á bọ́ bàtà, á dúró lórí koríko ẹ̀yìn náà, á máa gbàdúrà.

"Màmá, ẹ má tẹ ibẹ̀ lónìí o," ni Kàmọ́rù ké sí i. "Oògùn máa wà níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Kàmọ́rù. Ilẹ̀ mímọ́ mi rèé o. Má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kí n bà á jẹ́ kẹ̀, Màmá? Orúnkún mi nìkan ló bàjẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù kọ ẹ̀yìn sí pápá, ó ń po oògùn. Husnah rìn dé àárín koríko. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn kan lójú ọ̀nà tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Mìdé ni, pẹ̀lú Bùnmi àti àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wọn. Ọgbà onírin tó ṣeé wo inú rẹ̀ nìkan ló wà láàárín wọn. Husnah nà ró bí ẹni tí iná jó.

"Husnah! Ṣé o ò ní í kúnlẹ̀ lónìí ni?" Mìdé ti ń yọ fóònù.

"Kúnlẹ̀ fún ta?" ni Husnah dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò kọjá lọ. Wọ́n fara ti irin ọgbà.

"Husnah, kí lo rí?" bàbá rẹ̀ bèèrè láìwẹ̀yìn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó já ewé kan láti òkè. Ó tín-ín-rín. Ó jọ ti iwájú ilé.

"Abẹ́rẹ́ ni, Dádì."

"O kúnlẹ̀ wo ìdí rẹ̀?"

Mìdé ṣì ń wò ó.

"Mo wò ó, Dádì."

Kàmọ́rù gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lọ, tiro bọ̀, ó ń fọ́n. Husnah la ẹnu kí ó pè é. Ó tún pa á dé. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi máa kọjá lọ, kò ku ibì kan tí oògùn kò tíì dé àfi etí ògiri ilé.

Pápá náà kọ́kọ́ ṣá. Lẹ́yìn náà ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kì í ṣe ìdì ìdì, gbogbo rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, ó ti gbẹ bí ẹní àtijọ́. Kàmọ́rù rìn lọ sí etí ògiri níbi tí koríko díẹ̀ ṣì ti tutù, ó ju ọ̀pá tó fi ń rìn sílẹ̀, ó di ògiri mú, ó sì kúnlẹ̀. Husnah gbọ́ bí egungun orúnkún rẹ̀ ṣe dún. Bàbá rẹ̀ la koríko náà dé ilẹ̀, ó já igi kan, ó gbé e sókè sí i.

Ìdí rẹ̀ pupa.

"Husnah, o kúnlẹ̀?"

Kàmọ́rù wò ó pẹ́, ó sì gbé ojú kúrò. Kò lè dìde. Husnah ní láti ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì kí ó tó gbé e nílẹ̀.

Ọ̀gá ilé náà, obìnrin òyìnbó kan tó máa ń bá Kàmọ́rù ṣàwàdà, jáde wá. "Kàmọ́rù, kí ló ṣẹlẹ̀ síbí?"

"Èmi ni mo ṣì í," ni Kàmọ́rù wí. "Oògùn ọwọ́ mi ni. Èmi ni kí ẹ bi."

Husnah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ni ilé náà ní kí Kàmọ́rù má wá mọ́. Ẹnikẹ́ni kò tún pè é lẹ́yìn ìyẹn, gẹ́gẹ́ bó ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó ta ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá Beam Park ló ti ń ṣọ́nà báyìí, lórí ìdúró, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Kò bú Husnah. Kò tún bi í ní ohunkóhun nípa koríko mọ́. Ìyẹn ló burú jù.

Ní pápá ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ koríko rọ́bà. Nígbà tí Husnah lọ síbẹ̀ láti lọ kí Màmá Morónkẹ́, inú yàrá ló bá a, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo dán an wò, ọmọ mi. Mo bọ́ bàtà, mo dúró lé e," ìyá náà wí. "Kò sí ilẹ̀ nínú ẹ̀. Mi ò jáde mọ́." Ó gbé ojú sókè wò ó. "Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti fúyẹ́?"

Husnah kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá, kò wo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di ìgbà òtútù, kò sí ẹni tó tún rántí fíìmù Chadwell Heath mọ́. Mìdé gan-an ti pa á rẹ́ kí ó lè ráyè fún òmíràn. Ẹ̀rín tí Husnah torí rẹ̀ parọ́ kò pẹ́ ju ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kò padà, ilẹ̀ tí ìyá arúgbó kan ti ń gbàdúrà kò sì padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bá ń tì yín kúrò nídìí ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe, ẹ rántí pé wọ́n á kọjá lọ. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín ni yóò kúnlẹ̀ lé ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́.