Họ́ọ̀sì Tó Kúrú

Ẹ̀yìn mi wà lórí páálí lábẹ́ píkọ́ọ̀pù Alhaji Bísíríyù, gírísì kún ojú mi, mo sì ń fi sípánà di nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn. Bàbá mi jókòó síta lórí táyà àlòkù. Wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú nítorí ìbàdí tó ti ń dà wọ́n láàmú láti ọdún tó kọjá, tí kò jẹ́ kí wọ́n lè wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́.

“Dùnsìn, ṣé o ti dì í tán?”

“Mo ti dì í tán, bàámi.”

“Ojú rẹ ni ojú mi lábẹ́ ibẹ̀ o. Fara balẹ̀.”

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2005, mo sì wà ní kíláàsì kejì àgbà. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ọgbà mẹkáníìkì tó wà ní Itamaga ni mò ń gbà lọ. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà a máa rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n a ní ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Mo gbọ́ ọ títí ó fi wọ̀ mí lórí. Ká sòótọ́, mo ti ń rò ó pé mo mọ iṣẹ́ ju àwọn tó ń kọ́ mi lọ.

Iṣẹ́ tí Alhaji gbé wá kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n ní oko ẹja kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, níbi tí òjò ti gé ojú ọ̀nà sí kòtò. Bí táyà kan bá ti wọ kòtò, èkejì á gbé sókè, á máa yí lófìfo, ọkọ̀ ò ní lè lọ síwájú, kò sì ní lè padà. Ẹja á máa kú nínú ike lẹ́yìn ọkọ̀, Sànní dẹ́rẹ́bà á sì máa wá ẹni tí yóò bá a tì í. Ohun tí Alhaji ń fẹ́ ni kí táyà ẹ̀yìn lè sọ̀ kalẹ̀ wọ inú kòtò, kí ìyókù má sì kúrò nílẹ̀.

Bàbá mi ti ro ó dáadáa. A máa yọ ewé irin kan tó le jù kúrò lára sípíríǹgì, a máa fi ṣọ́ọ̀kì tó gùn sí i, a ó sì pààrọ̀ irin kúkúrú tó so etí sípíríǹgì mọ́ ara ọkọ̀ sí èyí tó gùn jù ú lọ. “Fi ìka méjì kún gígùn irin náà,” ni wọ́n sọ fún mi. “Má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí họ́ọ̀sì búrẹ́ẹ̀kì lè nà dé nìyẹn.” Họ́ọ̀sì yìí ni rọ́bà tó ń gbé omi búrẹ́ẹ̀kì lọ sídìí táyà; bó bá já, búrẹ́ẹ̀kì ò ní mú mọ́.

Mo fi ìka mẹ́ta kún un. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo kàn fẹ́ kí táyà náà sọ̀ kalẹ̀ débi tí gbogbo ọgbà á fi máa sọ ọ́ pé Dùnsìn ló ṣe é.

Ìbráhìm, tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa, rí mi níbi tí mo ti ń gé irin. Ó wò ó, ó mi orí.

“Màdáàmù ẹnjiníà, irin yìí gùn jù. Họ́ọ̀sì yẹn ò ní tó.”

“Ó máa tó.”

“Tí ò bá tó ńkọ́?”

“Tí ò bá tó, èmi ni n ó máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín fún oṣù kan gbáko.”

Àwọn tó wà nítòsí pa ẹ̀rín. Ó ká mi lára, mo sì bínú wọlé lọ sábẹ́ ọkọ̀.

Ìgbà tí mo di nọ́ọ̀tì tán, a fi jáàkì gbé ara ọkọ̀ sókè títí táyà ẹ̀yìn méjèèjì fi rọ̀ sísàlẹ̀. Mo tún wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó. Họ́ọ̀sì náà ti nà gan-an bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀. Bí a bá máa ṣe é bó ṣe yẹ, a gbọ́dọ̀ tú irin náà, kí a gé òmíràn, tàbí kí a lọ wá họ́ọ̀sì tó gùn jù ú lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni.

“Họ́ọ̀sì ńkọ́?” ni bàbá mi béèrè láti ìta.

Mo rí ẹsẹ̀ Ìbráhìm lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tí bàbá mi jókòó lé. Ó ti wá gbọ́ ìdáhùn mi.

“Ó dára, bàámi,” ni mo wí. “Ó tiẹ̀ ṣẹ́kù.”

Bàbá mi ò tún béèrè mọ́. Ìbráhìm yí padà, ó ń súfèé lọ. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé rọ́bà ṣáà ni, rọ́bà a máa nà.

Òfin kan wà nínú ọgbà wa tí ẹnikẹ́ni kì í rú. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ náà rin ìrìn àkọ́kọ́, títí dé ibi tó ń lọ. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ pé òun máa jókòó sínú rẹ̀ kì í fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ láìdì. Èmi ni ó yẹ kí n bá Sànní lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ Sátidé.

Nígbà tí Sànní dé, tó ń fọn fèrè lẹ́nu géètì, ẹ̀rù bà mí. Mo wọ yúnífọ́ọ̀mù mi, mo gbé báàgì kọ́ apá.

“Bàámi, a ní ẹ̀kọ́ àfikún lónìí. Tíṣà ìṣirò sọ pé ẹni tí kò bá wá, òun á nà án.”

Irọ́ ni. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan lọ́jọ́ náà. Bàbá mi wò mí, wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ti ìbàdí wọn dìde.

“Ìwé ló ṣe pàtàkì. Máa lọ, èmi á bá a lọ.”

Mo dúró níbẹ̀. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń rọra gun ọkọ̀, tí Sànní ń fà wọ́n lọ́wọ́, tó ń dá àpárá pé lónìí òun gbé ọ̀gá pátápátá. Ọkọ̀ náà yíwọ́, ó gba ọ̀nà Ìtókín lọ. Mo lọ jókòó sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgbògbò.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀, bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi níkẹyìn. Ọkọ̀ náà gba inú kòtò mẹ́rin kọjá láìṣe wàhálà, Sànní sì ń yin iṣẹ́ náà. Nínú ìkarùn-ún, táyà kan sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, họ́ọ̀sì sì já. Wọn ò mọ̀. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí odò ni wọ́n dé kí Sànní tó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ilẹ̀ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yíwọ́ kúrò lójú afárá pákó, nítorí àwọn obìnrin mẹ́ta ń gbé ẹ̀gẹ́ bọ̀ lórí rẹ̀. Igi ọ̀pẹ ni wọ́n lọ kọlù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Sànní jókòó sí ló sì gbá a.

Eegun èjìká bàbá mi ṣẹ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Sànní lókè orúnkún.

Mo bá bàbá mi lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Ìyá mi ti jáde lọ ra omi. Bàbá mi wò mí títí, n kò lè gbójú sókè.

“Kí wọ́n tó gbé wa kúrò níbẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo abẹ́ ọkọ̀,” ni wọ́n wí. “Mo na ọwọ́ wọn irin náà láti ẹ̀gbẹ́ táyà. Ìka mẹ́ta lo fi kún un.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Má sọ fún ẹnikẹ́ni. O ṣì kéré, ìdánwò rẹ ń bọ̀. Èmi ni mo wà nínú ọkọ̀, gbogbo ọgbà á gbà pé èmi ni mo ṣe é.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nígbà tí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì pe ìpàdé, wọn ò tilẹ̀ béèrè ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Alága kàn dìde ni.

“Ọ̀gá Oyèdèjì, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa ní ká máa wo họ́ọ̀sì, báwo lẹ ṣe gbàgbé tiyín?”

“Àṣìṣe ni,” ni bàbá mi dáhùn, apá wọn nínú báńdéèjì. “Ẹ forí jì mí.”

Èmi náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn àga. Ìbráhìm wò mí láti apá kejì. Ó mọ̀. Kò sọ ohun kan, èmi náà ò sọ. Wọ́n ní kí bàbá mi kó irinṣẹ́ wọn kúrò nínú ọgbà. Láti ọjọ́ náà, iwájú ilé wa ní Ìgbògbò ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé ṣe. Ẹni tó ti tú ẹ́ńjìnì tírélà palẹ̀ rí wá ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́.

Ní Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, bàbá mi á wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ kí Sànní. Sànní kì í dá wọn lóhùn. Wọ́n á kí i, á kọjú sí ògiri. Wọ́n á gbé ohun tí wọ́n mú lọ sílẹ̀, wọ́n á sì padà. Èmi ń kàwé mi. Mo ṣe ìdánwò àṣejáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará ilé sì ń sọ pé mo gbájú mọ́ ìwé. Wọn ò mọ̀ pé mi ò fẹ́ gbójú sókè ni.

Ní Jímọ̀ kan ní oṣù keje, bàbá mi padà dé pẹ̀lú iṣu méjì tí wọ́n gbé lọ. Ẹrẹ̀ ti bo iṣu náà, ọ̀kan ti kán sí méjì. Mùlíkátù, ìyàwó Sànní, ló jù ú síta. Bàbá mi bu omi, wọ́n jókòó, wọ́n fi apá kan tó dára fọ iṣu náà títí ó fi mọ́.

“Ẹ jẹ́ ká sè é,” ni wọ́n wí. “Iṣu ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.”

Mo wọlé lọ, mo sunkún. Ilẹ̀ mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Sànní jókòó sẹ́nu ọ̀nà, igi ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń di àwọ̀n ẹja tó ya. Mùlíkátù ń fọ abọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

“Bọ̀ọ̀dá Sànní, bàbá mi kọ́ ló ṣe ọkọ̀ yẹn. Èmi ni. Mo gé irin náà ju bí wọ́n ṣe ní kí n gé e lọ. Mo rí i pé họ́ọ̀sì kúrú, mo sì sọ fún wọn pé ó dára, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ló yẹ kí n bá yín lọ lọ́jọ́ náà. Mo purọ́ pé mò ń lọ kàwé.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwọ̀n náà. Mùlíkátù gbé abọ́ sílẹ̀. Mo ń retí kí ẹnì kan gbá mi, ì bá tù mí lára.

“Bàbá rẹ mọ̀?” ni Sànní béèrè.

“Wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ kìíní.”

“Ọdún kan,” ni ó wí. “Ọdún kan gbáko ni àgbàlagbà ń kí mi tí mi ò dá a lóhùn, kò sì ṣẹ̀ mí.” Ó na ọwọ́ sí igi rẹ̀. “Mi ò tíì lè dárí jì ẹ́, Dùnsìn, n ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n dìde, ká lọ bá bàbá rẹ.”

A jọ wọ mọ́tò lọ sí Ìgbògbò. Nígbà tí bàbá mi rí i tó ń fi igi rìn bọ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tún ṣe sílẹ̀. Sànní fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò ṣeé ṣe, ó tẹ̀ síwájú lórí igi rẹ̀ títí bàbá mi fi di èjìká rẹ̀ mú.

“Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ yín ti sọ fún mi.”

Bàbá mi wò mí. Wọn ò sunkún nílé ìwòsàn, wọn ò sunkún níwájú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú wọn nísinsìnyí.

“Mo rò pé mò ń dáàbò bò ọ́ ni,” ni wọ́n sọ fún mi. “O purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ni mo wá kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú irọ́ fún odindi ọdún kan.”

Mo lọ sọ ọ́ níwájú alága àti gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí bàbá mi padà wá, àmọ́ ẹlòmíràn ti gba ṣọ́ọ̀bù náà, ìbàdí wọn ò sì lè gbé iṣẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ Sànní ò hù. Ó ń dá bàbá mi lóhùn báyìí, wọ́n sì jọ ń jókòó nígbà mìíràn. Èmi ni kì í fi bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, gbogbo wa là ń ṣàṣìṣe, kò sẹ́ni tó ń kọ́ṣẹ́ tí kì í gé irin kan jù. Ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ pé irin nìkan ló bàjẹ́. Ẹ̀rín tí mo sá fún, bóyá ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ì bá fi rín in. Ọdún kẹrin rèé tí Sànní ti ń fi igi rìn.