Ohùn Tó Jáde Lára Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹsẹ̀ Eligio ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Mo gbé kọfí jáde fún bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ni mo bá rí bàtà méjì tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù wa. Àwọn bàtà náà ń jó díẹ̀díẹ̀, torí pé ẹni tó wọ̀ wọ́n ń kọrin lábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ dúró yẹn," ni ohùn kan wí láti ìsàlẹ̀. "Òórùn kọfí yẹn fẹ́ pa mí o."

"Ti bàbá mi ni," ni mo dáhùn, mo sì sáré padà wọlé.

Mamá Chea, ìyá tó bí bàbá mi, bú sẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀. "Nereida, o gbé kọfí lọ, o tún gbé e bọ̀. Ṣé kọfí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù ni àbí ẹni tó fẹ́ mu ún?"

Ojú máa ń tì mí jù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èémí mi kì í délẹ̀, nítorí náà mi ò bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sílé ìwé. Mamá Chea ló kọ́ mi ní ìwé kíkà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní ìlú Moca, lórí àga tó ń mì síwá sẹ́yìn. Àwọn ìyá àdúgbò máa ń wá bá a tàkúrọ̀sọ níbẹ̀. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa gbọ́. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn.

Bàbá mi, Bienvenido, máa ń wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kiri àdúgbò, á máa ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, píà àti ẹ̀gẹ́. Ó ní sípíkà kan lórí ọkọ̀ náà tó ti dípẹtà. Bí Bàbá bá ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná ni sípíkà á máa ké, wììì, ariwo ẹ́ńjìnnì á sì bo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá di dandan kó máa pariwo, títí ọ̀fun rẹ̀ fi ha pátápátá. Dókítà ní kó yé pariwo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn náà á lọ, kò ní padà wá mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi pe Eligio pé kó wá tún ẹ̀rọ náà ṣe.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Eligio ló ń to sípíkà ńláńlá sẹ́yìn ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́, àwọn tí orin wọn máa ń mi fèrèsé ilé onílé. Láràárọ̀ tí Eligio bá dé, á ṣí fìlà kúrò lórí, á ní, "Ẹ súre fún mi, Don Bienvenido," bí ọmọ ṣe ń sọ fún bàbá rẹ̀; Don ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ọkùnrin, Doña fún àgbà obìnrin. Ó yẹ kí Bàbá dáhùn pé Ọlọ́run á bù kún un. "Káàárọ̀" lásán ni Bàbá máa ń dá a lóhùn.

Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ha ọ̀dà kúrò lára irin ọkọ̀ títí irin fi ń dán, ó so waya dúdú mọ́ ọn. Ó fa waya iná gba apá òsì, ó fa waya ohùn gba apá ọ̀tún. Ó ní bí àwọn méjèèjì bá sùn sójú kan, ariwo ẹ́ńjìnnì á kó ran ohùn. Nígbà tó ṣe tán, ó na máìkì sí mi gba ojú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dán an wò. Ẹ sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ pe orúkọ mi."

Mo gbé máìkì mọ́ ètè. "Eligio," ni mo wí, jẹ́ẹ́jẹ́.

Orúkọ náà jáde lórí ọkọ̀, ó mọ́ gaara, bí ẹni pé etí rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Eligio wá ní, "Ẹ̀rọ yìí ò tíì gbé ohun tó dára tó báyìí rí."

Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Bàbá, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Don Bienvenido, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n máa wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín lọ́jọ́ Sunday, kí n máa bá Nereida sọ̀rọ̀ lójú ẹ̀yin àti Mamá Chea."

Bàbá wò ó títí. "Ìwọ alariwo? Kí ọkọ̀ mi kọ́kọ́ tajà ná. Bó bá tajà lọ́la, a lè sọ̀rọ̀. Bí kò bá tajà, gbàgbé ọ̀nà ilé mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mamá Chea tì mí jáde. "Tẹ̀ lé wọn. Bàbá ẹ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ lọ. Ó ṣe tán, ọjọ́ ọ̀la ẹ ni wọ́n ń tà kiri yẹn."

Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Eligio wà lẹ́yìn láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń ṣọ́ waya rẹ̀. Bàbá gbé máìkì, ó polówó. Ohùn rẹ̀ jáde kedere, kò sí ariwo kankan mọ́. Mo rò pé ilẹ̀kùn á máa ṣí.

Ṣe ni wọ́n ń tì. Ilé kan tì, èkejì tì, odindi òpópónà dákẹ́.

Doña Fredesvinda, ọ̀rẹ́ Mamá Chea, yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ máa lọ! Mi ò dìbò fún ẹnikẹ́ni!"

"Fredesvinda, èmi ni! Bienvenido ni!"

"Irọ́ ńlá! Àwọn olóṣèlú nìkan ló ní ọkọ̀ tó ń dún báyìí. Mo mọ ọkọ̀ Bienvenido láti òpópónà kẹta. Tiẹ̀ máa ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ ìrù ẹ̀!" Ó pa fèrèsé dé, gbàà.

Bàbá tún polówó, ó pariwo, ó gbàgbé ìkìlọ̀ dókítà. Ọ̀fun rẹ̀ dí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ohùn tó kù fún un kò ju atẹ́gùn lọ.

"Tú u," ló wí fún Eligio. "Tú gbogbo ẹ̀ kúrò. Kí n má sì rí ẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi."

Eligio kò jiyàn. "Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ariwo yẹn ni àìsàn ọkọ̀. Mi ò mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń dá a mọ̀." Ó yọ ẹ̀mú tó fi ń gé waya, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi waya.

Mo mọ̀ pé bó bá gé e, tèmi náà tán nìyẹn. Máìkì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo di ojú, mo gbé e. Ṣe ni mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

"Doña Fredesvinda, ẹ kú àárọ̀ o. Nereida ni, ọmọ ọmọ Mamá Chea. A mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n wá, èyí tí eyín yín tuntun lè jẹ."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú ilé.

"Doña Ovidia, ẹ̀gẹ́ yìí máa ń tètè rọ̀, ẹ ò ní bá a jà lórí iná bíi ti ọjọ́ yẹn. Don Tulio, píà wà fún yín. Ẹ dákẹ́ ẹ jẹ ẹ́, mi ò ní sọ fún ìyàwó yín."

"Mo ti gbọ́ o!" ni ìyàwó Don Tulio pariwo.

Ilẹ̀kùn ṣí. Òmíràn ṣí. Doña Fredesvinda jáde pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó gbá ojú mi mú. "Ọmọ yìí! Ṣé o lóhùn báyìí, o sì fi ń jókòó tì wá láti ọjọ́ yìí?"

"Mo ń gbọ́ yín ni, Mà."

Ohùn mi kéré. Ká ní ariwo àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ mi. Bàbá náà rí i. Ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń wo sípíkà, ó ń wò mí, ó ń wo Eligio tó ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú tí kò gé nǹkankan.

Eligio dìde, ó ṣí fìlà. "Ẹ súre fún mi, Don Bienvenido. Kí n máa lọ."

Ọ̀fun Bàbá kò lè gbé ọ̀rọ̀ mọ́. Ó na ọwọ́, ó gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó gbé e mọ́ ètè.

"Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo òpópónà sì gbọ́ ọ. "Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ ẹ̀wù tó mọ́. Ẹ̀yin ará àdúgbò, píà ṣì kù o."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa níbi tí wọ́n dúró sí, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábíyá. Eligio sunkún, mo rí i, bó tilẹ̀ sọ pé eruku ni.

Ọkọ̀ yẹn náà ló gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Èmi ni mo ń polówó báyìí, ọ̀fun Bàbá sì ti ń sàn. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Mamá Chea tó tì mí jáde, mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ológbò tí wọ́n tẹ ìrù rẹ̀, ìyẹn ariwo ọkọ̀ àtijọ́, tó kásẹ̀ nílẹ̀ kí n lè sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo bá bàtà méjì tó ń jó lábẹ́ ọkọ̀. Mo gbé kọfí dání.

"Ti ta nìyẹn?" ni ohùn náà bèèrè.

"Tìẹ ni, olólùfẹ́ mi," ni mo dáhùn. Mo dúró.