Ìlà Òfìfo Lára Kápẹ́ẹ̀tì Pupa

Bàbá Wùmí ti kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ó dojú bolẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ irin tí wọ́n ń to òwú sí. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ṣì di òwú pupa kan mú. Ọ̀pá irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn lórí. Níwájú lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde, kápẹ́ẹ̀tì pupa sì ń yí jáde bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe bàbá arúgbó tó ń fún un lówùú.

Ọdún owó Údójì ni. Ẹni tó rí àfikún owó oṣù gbà ní Èkó, kápẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ fẹ́ tẹ́ sí pálọ̀, láti ògiri dé ògiri. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́nà Oṣòdì sí Ìsọlọ̀ yìí kò fi mọ ìsinmi. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Adéjùmọ̀ dé láàárọ̀ náà. Ọmọ Èkìtì ni, ó ti ṣe tíṣà rí kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, sùúrù tíṣà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó ṣáájú rẹ̀ dé ti mú ẹnì kan: Mísbáù, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń bá olóògbé to òwú.

"Kí lẹ rí tí ẹ fi mú un?"

"Ó bá bàbá yẹn jà lánàá, sà," ni kọ́ńsítébù kan dáhùn. "Gbogbo èèyàn ló gbọ́. Ó ní bàbá náà á rí òun. Àwọn méjèèjì nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn pẹpẹ."

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ọ̀rọ̀ ti tán lójú kọ́ńsítébù.

Lẹ́nu géètì, obìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gèlè rẹ̀ ti tú. Ìyá Mísbáù ni, ó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani. Ó di ẹsẹ̀ Adéjùmọ̀ mú.

"Ẹ gbà mí, ọ̀gá. Òun nìkan ló kù fún mi. Ṣé wọ́n máa yẹgi fún un ni?"

Adéjùmọ̀ fẹ́ sọ pé rárá. Kò mọ̀, nítorí náà kò sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra tú ọwọ́ ìyá náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì wọlé.

Wọ́n ti Mísbáù mọ́ inú ọ́fíìsì kékeré kan.

"Sítóò ni mo lọ, sà. Mo fẹ́ kó kóònù òwú tuntun. Ẹni tó ń ṣọ́ sítóò ò sí níbẹ̀, mo bá dúró dè é. Ìgbà tí mo padà dé ni mo rí bàbá nílẹ̀."

"Ta ló rí ọ níbẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni ò rí mi."

"Kí lẹ jà lé lórí lánàá?"

"Ó bá mi níbi tí mo ti ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọ náà kì í jẹ́ ká sùn. Bàbá pariwo lé mi lórí, èmi náà sì sọ̀sọkúsọ." Ó bú sẹ́kún. "Nígbà tá a ṣíwọ́, ó ra mílíìkì, ó ní kí n gbé e fún ìyàwó mi. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tó máa gbà?"

Adéjùmọ̀ kúrò níbẹ̀, ó lọ bá Olúsọjí. Olúsọjí ló ń darí ẹ̀rọ tó ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì pupa náà. Òun kan náà ló fẹ́ Ọmọ́wùmí, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé bí. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún mi, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

Olúsọjí nu ojú. "Kóònù òwú kọ̀ọ̀kan ń dúró lórí ọ̀pá irin tirẹ̀ lórí pẹpẹ yẹn. Òwú á gba inú páìpù rọ́bà kọjá lókè, á wá wọ ojú abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ á gún aṣọ àpò, á fi òwú sílẹ̀ lódìkejì, ọ̀bẹ á gé e. Irun kápẹ́ẹ̀tì nìyẹn. A ó wá fi oje rọ́bà kun ẹ̀yìn rẹ̀ kí irun náà má baà tú."

Adéjùmọ̀ gbójú sókè. Páìpù náà pọ̀ bí ewé, wọ́n sì gùn, láti ẹ̀yìn pẹpẹ títí dé iwájú ẹ̀rọ. Ó na ọ̀pá irin ẹlẹ́jẹ̀ náà sí Olúsọjí.

"Ṣé o mọ èyí?"

Olúsọjí gbé e sún mọ́ imú kó tó dáhùn. Adéjùmọ̀ rò pé omijé ló dí i lójú. "Ọ̀pá kóònù ni, sà. Láti ara pẹpẹ ni wọ́n ti fà á yọ."

"Ṣé o kúrò níwájú ẹ̀rọ rárá?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rọ ò dúró àfìgbà tí Mísbáù pariwo."

Ó ku Bàṣírátù. Òun ló ń tún kápẹ́ẹ̀tì tó bá ní àbùkù ṣe, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló sì mọ̀ pé inú rẹ̀ kò dùn sí olóògbé.

"Ó ní àbúrò mi ò kún ojú òṣùwọ̀n, wọn ò bá gbà á síṣẹ́," ni obìnrin náà wí. "Mo bínú sí i, mi ò ní purọ́. Àmọ́ àwa mẹ́ta la jọ jókòó sí yàrá ìtúnṣe. Ẹ bi wọ́n."

Adéjùmọ̀ bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

"Ṣé ẹ gbọ́ bóyá ẹ̀rọ pupa dúró?"

"Fáànù ńlá tó ń gbẹ oje rọ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí òkè bá wó, a ò ní gbọ́."

Ó ní kí Bàṣírátù bá òun tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ ṣe láàárọ̀ náà sílẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ tí obìnrin náà fi pòṣé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín irun pupa náà tí kò ní irun rárá, ó sì gùn lọ títí dé ìparí.

"Abẹ́rẹ́ kan ló pàdánù òwú rẹ̀. Òwú orí ọ̀pá tí wọ́n fà yọ yẹn ni. Ẹ wo bó ṣe gùn tó! Ẹni tó bá dúró níwájú ẹ̀rọ yẹ kó ti rí i lójú ẹsẹ̀." Ó mi orí. "Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni àtúnṣe ti Olúsọjí ti ń pọ̀ jù."

Adéjùmọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí nǹkan mìíràn: àpá kan tó là kápẹ́ẹ̀tì náà kọjá, láti etí kan dé ìkejì.

"Kí wá lèyí?"

"Ẹ̀rọ dúró níbẹ̀ ni. Bó bá dúró tó tún gbéra, àpá rẹ̀ kì í farasin."

Wọ́n pe Olúsọjí, Bàṣírátù sì sọ ibi tí àpá àti ìlà òfìfo náà wà fún un. Olúsọjí lu orí ara rẹ̀.

"Ọ̀fọ̀ ti mú mi gbàgbé, sà. Abẹ́rẹ́ kan ṣẹ́, mo dá ẹ̀rọ dúró, mo pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ìlà òfìfo yẹn jìnnà sí àpá náà. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ padà kí òwú yẹn tó já. Èmi sì rèé níwájú."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Kọ́ńsítébù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀gá, kéèsì yìí ti parí. Ẹni tó wà lẹ́yìn la mú."

Adéjùmọ̀ jókòó lórí ìdì òwú kan. Inú rẹ̀ bàjẹ́, nítorí ó ń rántí ìyá tó jókòó lẹ́nu géètì. Ó tún gbójú sókè wo páìpù gígùn wọ̀nyẹn, ó sì pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Ó dìde. Ó já òwú kan, ó fi wọn àyè tó wà láàárín àpá náà àti ibi tí ìlà òfìfo ti bẹ̀rẹ̀, ó gé e síbẹ̀. Ó wá ní kí ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ lọ́sàn-án gbé ẹ̀rọ dìde, kó dá a dúró, kó sì má fọwọ́ kan nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ lọ sẹ́yìn pẹpẹ, ó fa ọ̀pá mìíràn yọ. Kóònù ṣubú, òwú já.

"Ó yá, ẹ gbé e dìde."

Gbogbo wọn ń wo ẹnu abẹ́rẹ́. Òwú ti já lẹ́yìn lọ́hùn-ún, síbẹ̀ irun ń jáde. Ó ń jáde, ó ń jáde. Nígbà tó yá, ìlà òfìfo yọjú. Adéjùmọ̀ na òwú tó gé sí àárín àpá tuntun àti ìlà tuntun náà. Kò fi nǹkan kan lé, kò fi nǹkan kan dín.

"Èyí tó kù nínú páìpù ló ń jáde," ló wí. "Ìgbà tí ẹ̀rọ dúró ni wọ́n fa ọ̀pá yẹn yọ, kì í ṣe ìgbà tó ń ṣiṣẹ́. Olúsọjí, fi abẹ́rẹ́ tuntun tó o pààrọ̀ hàn mí."

Olúsọjí bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ. Ó sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́rẹ́. Ó fi ìka lé ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ tuntun máa ń dán. Èyí tó fọwọ́ kàn ti ṣú bí àwọn yòókù, kò sì sí ọ̀kan tó dán nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń ríran kò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn.

"O ò pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kankan," Adéjùmọ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́. "O ò sì rí ìlà òfìfo tó wà níwájú rẹ. Ojú rẹ ti ń kú lọ, àbí? Ìwọ lo pa á."

Olúsọjí yọ ìka kúrò lára abẹ́rẹ́. Ó jókòó sílẹ̀.

"Máníjà fẹ́ rán mi lọ sí Ìlú Òyìnbó, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tuntun. Mo ti sọ fún gbogbo ará ilé wa. Láàárọ̀ yìí ló pè mí pé mi ò lọ mọ́, pé wọ́n á mú mi kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó ní bàbá ìyàwó mi ló wá sọ fún òun nípa ojú mi." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo lọ bá a. Mo bi í pé kí ni mo fi ṣe é. Kò tiẹ̀ bínú. Ó ń so òwú lọ. Ó ní, 'Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí jẹ ọ́ lọ́wọ́.' Mo ti fa irin yọ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo wá gbé ẹ̀rọ dìde, kí wọ́n lè bá mi lẹ́nu iṣẹ́."

"O sì jẹ́ kí wọ́n mú Mísbáù."

Olúsọjí na ọwọ́ méjèèjì fún kọ́ńsítébù.

Wọ́n tú Mísbáù sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ̀ nínú àwọn tó dúró síbẹ̀, nítorí ẹni rere ló kú.

Iṣẹ́ tó le jù ṣì kù. Adéjùmọ̀ wa mọ́tò lọ sí Òkè-Afá fúnra rẹ̀. Ọmọ́wùmí jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin tó wá bá a dárò, oyún rẹ̀ ti tó bí. Adéjùmọ̀ ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún àwọn láyè. Ó jókòó tì í, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ọmọ́wùmí kò pariwo.

"Bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa ojú rẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo sọ fún un. Olúsọjí ní kí n má sọ fẹ́nikẹ́ni, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá mi, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi rí máníjà, kí ẹ̀rọ má baà gé ọwọ́ ọkọ mi."

Adéjùmọ̀ wo ilẹ̀.

"Ṣé ọkọ mi mọ̀ pé èmi ni, sà?"

"Kò mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un." Ìgbà náà ni ẹkún tó dé. "Ẹ jẹ́ kó máa rò pé bàbá mi ni."