Ìrìn Wa Dé Ilé Ìyá Wọlé

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá gbà, kó dé Ìkìrun, kó wá wo ilé náà fúnra rẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Ọ̀sán ni, oòrùn wà lókè, mi ò sì mu ọtí.

Inú ń bí mi. Ó yẹ kí n sọ èyí kí n tó sọ ìyókù. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ìyá Wọlé ti kú, a ti sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn nínú ọgbà ilé wọn, kò sì sí ẹni tó sọ fún Wọlé. Òun nìkan lọmọ tí wọ́n bí. Glasgow ló wà, lọ́hùn-ún ní Sìkọ́tílándì, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ibẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Akínyẹlé, àbúrò bàbá rẹ̀, kó gbogbo wa jọ.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ túfọ̀ fún un," ni wọ́n wí. "Ìwé ìgbélùú ẹ̀ ò tíì jáde. Tó bá fi lè sáré wálé, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ nìyẹn. Ẹnì kan ní màmá wà ní Òkukù lọ́dọ̀ àbúrò wọn. Ẹlòmíràn ní ọ̀fun ń dùn wọ́n, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ní Inísà, tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, èmi náà sọ fún un pé wọ́n lọ sí ìsọjí. Ẹ̀gbọ́n bàbá Wọlé ló bí mi. Èmi yìí ni mo pọ̀n ọ́n ní kékeré. Ojú tì mí gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, Wọlé pè mí ní fídíò.

"Àǹtí Yétúndé, ṣé ẹ wà ní Ìkìrun? Ẹ jẹ́ ká jọ rìn. Èmi á máa rìn níbí, ẹ̀yin náà ẹ máa rìn lọ sílé wa. Mo fẹ́ rí màámi."

Mo ní ó dáa. Mo ti pinnu pé lójú sàréè yẹn ni n óò ti sọ òótọ́ fún un. Bí Bàbá Akínyẹlé bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú títí dọ̀la.

Wọlé kọ́kọ́ fi àdúgbò tirẹ̀ hàn mí. Òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ilé ibẹ̀, alájà mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n lẹ̀ mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ìdílé mẹ́jọ ń gbà wọlé. Ó wọ inú ọ̀kan kí n lè rí i. Àtẹ̀gùn òkúta wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ti jẹ ẹ́ láàárín. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Bàtà rẹ̀ ń dún, ìró náà ń padà wá bá a.

"Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gba ibí kọjá, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síta. Kò sẹ́ni téèyàn máa kí."

Èmi náà yí kámẹ́rà síta. Mo gba ẹ̀yìn ọjà, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, mo wọ àárín àwọn ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tí páànù wọn ti dógùn-ún. Wọlé ń kí gbogbo èèyàn láti inú fóònù.

"Ẹ kúulé o! Ẹ kú ìjókòó o!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dáhùn. Ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí ojú wa pàdé. Wọ́n mọ̀. Gbogbo àdúgbò ló jẹ ẹran ìsìnkú náà.

A yà sí kọ́nà ilé wọn. Gbogbo ariwo dákẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta kan ti ń dún lẹ́yìn wa, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀kadà kan kọjá lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rí i. Kò dún. Òórùn róòbù tí màmá máa ń fi para ta sí mi nímú.

Ilé náà wà ní títì. Àgádágodo tí Bàbá Akínyẹlé fi sí i ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bẹ́ǹṣì tí màmá máa ń jókòó sí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, eruku bò ó.

"Wọlé," mo ní, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

Ó ti dúró. Ojú rẹ̀ kún inú fóònù.

"Ẹ kúulé, màámi."

Mo wo bẹ́ǹṣì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Wọlé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ dákẹ́ ná. Wọ́n ń sọ̀rọ̀." Ó tẹ́tí. Ó mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mò ń jẹun dáadáa, mà. Rárá o, òtútù ò mú mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Láti oṣù mẹ́rin, mi ò gbọ́ kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbínú mi ju ẹ̀rù mi lọ. Àwa la fà á. Èèyàn kú, a ò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sunkún rẹ̀. Ibo la fẹ́ kí màmá lọ?

"Wọlé, gbọ́ mi. Màmá ti..."

"Wọ́n ní kí ẹ fún àwọn ní fóònù náà, Àǹtí. Wọ́n ní ó ti rẹ̀ yín."

Mo na fóònù sí ọ̀kánkán bẹ́ǹṣì. Mo fẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀ pé eruku ló wà níbẹ̀. Nǹkan tútù kan kan ọwọ́ mi. Mo ṣí ọwọ́.

Fóònù náà kò já bọ́.

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo sá lọ bá Bàbá Akínyẹlé, mo rò ó fún wọn. Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rù ba àwọn náà, wọ́n pe Wọlé, wọ́n túfọ̀ fún un. Wọlé bínú sí wọn. Ó ní kí wọ́n yéé ṣépè fún ìyá òun, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bá màámi òun sọ̀rọ̀ tán ni.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Kò sẹ́ni tó gbé ṣájà dé ilé yẹn. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo yá fóònù Fẹ́yìsetán, ọmọ mi, mo sì pe nọ́ńbà mi. Ohùn inú fóònù ní kí n ní sùúrù, ẹni tí mò ń pè ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.