Fọ́ọ̀mù Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́rùú ni fọ́ọ̀mù náà dé, ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n kọ sórí rẹ̀.

Ìyá Fáìlì kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe bàìbàì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún ìwé náà wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni. Ohun tó tiẹ̀ jẹ́ kí ara rẹ̀ bù máṣọ ni pé tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó lẹ̀ mọ́ ọn ní àtàǹpàkò, àfi bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bírò sílẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí lẹ́tà tó dé ọ́fíìsì wọn.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ oògùn àti oúnjẹ tó bá ṣe èèyàn léṣe ránṣẹ́ sí ni. Bí oògùn bá gbòdì lára ẹnì kan, tàbí tí ohun jíjẹ inú agolo bá da inú èèyàn rú, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ẹni náà á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ Ìyá Fáìlì ni láti lu òǹtẹ̀ lé e pé ó ti dé, kó sì tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Dókítà mẹ́ta ló yẹ kó máa kà wọ́n. Ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì, èkejì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ sí òkè òkun, ẹ̀kẹta ni ọ̀gá wọn, ìpàdé ló sì ń jẹ ọjọ́ tirẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Fọ́ọ̀mù ń wọlé, kì í jáde. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́fà ti kún, wọ́n ti ń to ìyókù sí ojú fèrèsé débi pé yàrá náà ti ṣókùnkùn.

Irú rẹ̀ kan ti wá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìkọ̀wé róbótó tó dagun sápá òsì yìí kan náà ló kọ nípa ẹja inú agolo tó mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún bì ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Ọjọ́ Ẹtì tí kò tíì dé ló wà lórí ìyẹn náà. Ìyá Fáìlì rẹ́rìn-ín, ó ní nọ́ọ̀sì yìí kò mọ ohun tí òní ń jẹ́, ó sì to fọ́ọ̀mù náà síbi tó ń to wọ́n sí. Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ ọ́: ẹja inú agolo, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ó ka tuntun yìí láti òkè délẹ̀. Obìnrin. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti nọ́ńbà ìdí ìgò rẹ̀. Ètè wú, ahọ́n wú, ọ̀nà ọ̀fun dí. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Fọ́ọ̀mù kì í gba orúkọ aláìsàn, àdúgbò nìkan ló ń gbà. Àdúgbò Ìyá Fáìlì ni wọ́n kọ. Màmá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin lóṣù tó kọjá.

Nígbà tó délé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ibi tí oògùn màmá rẹ̀ wà ló gbà lọ, ó sì dojú ìgò náà dé láti wo nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ó bá ti inú fọ́ọ̀mù mu wẹ́kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ ilé ìwòsàn tí fọ́ọ̀mù náà ti wá láago. Ó ka orúkọ nọ́ọ̀sì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ọmọbìnrin kan ló gbé fóònù níbẹ̀. "Mà, nọ́ọ̀sì yẹn ti kú," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọdún kejì rèé."

"Ta ló wá ń kọ fọ́ọ̀mù yín?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Òun nìkan ló máa ń kọ ọ́. A tiẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ta ló ń bá a kà á níbẹ̀ yẹn?"

Ìyá Fáìlì rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkọ̀wé náà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní níbẹ̀. Ọ̀kan sọ nípa ọkùnrin tó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí tí ètè rẹ̀ wú. Ìyẹn tó gbẹ̀yìn pátápátá nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ibi tó yẹ kí wọ́n ti kọ ọjọ́ orí aláìsàn àti bóyá ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ohun tó wà níbẹ̀ ni: *Èmi fúnra mi. Oògùn kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.* Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Fáìlì ló lù ú.

Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kà wọ́n, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mẹ́ta ni òfin sọ kí a tó lè dá oògùn dúró, Ìyá Fáìlì. Méjì lẹ mú wá. Ẹ̀kẹta ò tíì ṣẹlẹ̀."

"Ó máa ṣẹlẹ̀, sà."

"Èèyàn bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ló ń lo oògùn yìí. Tí mo bá bọ́ sórí rédíò pé ó léwu, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á jù ú nù. Ẹ̀jẹ̀ wọn á ru. Àwọn kan á rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àwọn kan ò ní jí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ìwé tó ní ọjọ́ ọ̀la lórí ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Fáìlì kó àwọn fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ohun tó já a láyà jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà.

Ó gba ọ̀dọ̀ apòògùn kọjá nígbà tó ń lọ sílé, ó ra oògùn tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìyá Aránṣọ ló bá lọ́dọ̀ màmá rẹ̀, aládùúgbò tí ọjọ́ orí òun àti màmá dọ́gba, tí ògiri kan ṣoṣo sì pààlà pẹ̀lú wọn. Ẹjọ́ ilé ìwòsàn ló ń rò: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti tán níbẹ̀, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí òun padà wá lọ́la, orí sì ń fọ́ òun bíi kó là sí méjì.

Nígbà tí Ìyá Aránṣọ lọ tán, Ìyá Fáìlì gbé oògùn tuntun lé màmá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí ló ṣe ti tẹ́lẹ̀?" màmá bi í. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń lò ó, kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan, mà. Èyí ló dára jù."

Ó fi ìgò àtijọ́ pamọ́ sẹ́yìn agolo mílíìkì ní ilé ìdáná, kó lè gbé e lọ fún àwọn tó ń yẹ oògùn wò. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, kò rí i mọ́.

"Mo ti palẹ̀ ẹ̀ mọ́," màmá rẹ̀ ní. "Ṣebí ìwọ lo ní èyí tuntun ló dára jù?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó jàjà rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Kò lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fàga ti màmá rẹ̀, ó ń wo ètè rẹ̀, ó ń ka bó ṣe ń mí.

"Ṣé ojú mi ti di tẹlifíṣọ̀n ni?" màmá jágbe mọ́ ọn.

Ọ̀sán pọ́n, ó rọlẹ̀. Màmá jẹun, ó sùn díẹ̀, ó jí, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, Ìyá Fáìlì ti fẹ́ máa fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀sín nígbà tí ohun kan kan ògiri. Kó. Kó. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì dún tó ti àkọ́kọ́.

"Ìyá Aránṣọ ń pè mí," ni màmá rẹ̀ wí.

Ìyá Fáìlì ti sáré jáde. Orí àga ìránṣọ ló bá a, ó fi ẹ̀gbẹ́ ti ògiri, aṣọ tó ń rán ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ètè rẹ̀ ti wú bo ìdajì ojú rẹ̀. Ó na ìka sí ọ̀fun ara rẹ̀. Ìgò oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, nọ́ńbà náà wà ní ìdí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ló dákẹ́ sí, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Ìyá Fáìlì ti ki ìgò náà bọ àpò. Kò sọ nǹkan kan fún màmá rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, fọ́ọ̀mù kan wọlé. Nọ́ọ̀sì tuntun ló kọ ọ́, ìkọ̀wé ọ̀tọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀. Ìyá Fáìlì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀. Ọ̀gá wò wọ́n, ó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá oògùn náà dúró. Àwọn tó yẹ ìgò náà wò rí ìdọ̀tí kan tí kò yẹ kó wà nínú oògùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni rédíò kéde rẹ̀. Màmá rẹ̀ ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó nawọ́ pa rédíò náà.

"Ìgò tí mo fún un nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

"O ti mọ̀ kí n tó fún un?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ̀rù á bà yín, mà." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohùn ọ̀gá nínú ohùn ara rẹ̀.

Màmá rẹ̀ kò sunkún. Ó dìde wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó wá padà jáde. Ìgò tuntun ló mú dání, èyí tí Ìyá Fáìlì rà fún un. Ó gbé e ka orí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì.

"Èyí ńkọ́?" ó bi í. "Kí lo mọ̀ nípa èyí?"

Ìyá Fáìlì mú ìgò náà. Ó dojú rẹ̀ dé, ó wo nọ́ńbà tó wà ní ìdí rẹ̀, ó sì rántí kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà.