Dókítà Ní Òun Ò Ní Là Á

Àbẹ̀kẹ́ ń bá àwọn ọmọ iléèwé sáré lórí pápá l'Ọ́sì, ó ká ìró mọ́dìí, ó sì ti fi gbogbo wọn sẹ́yìn. Ìbítóyè tó ń tún ògiri iléèwé mọ kàn dúró ń wò ó, títí simẹ́ńtì fi gan mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Bíríkìlà, ṣé èmi ni ògiri tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa mọ?"

"Tíṣà, ògiri wo ló rẹwà báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú. Ẹ̀gbẹ́ náà ti ń ro ó díẹ̀díẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta.

Kí ọdún 1986 tó parí, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ìbítóyè ló mú un lọ sí ọsibítù n'Ílọrin. Ẹ̀rọ tó ń wo inú fi kókó kan hàn nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," Dókítà Badirat wí. "Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló lọ́ mọ́ra. Mi ò ní là á, mi ò ní kọ oògùn. Máa lọ sílé, kó o padà wá lóṣù mẹ́fà."

Ayọ̀ ni wọ́n gbé délé, àmọ́ Adégbìtẹ́, bàbá Ìbítóyè, fajú ro. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọsibítù kan ṣe ní kí wọ́n máa gbé àbúrò tirẹ̀ lọ sílé nígbà kan, kò lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.

"Wọ́n ti sọ̀rètí nù ni. Má fẹ́ ẹ, mi ò ní sin ìyàwó ọmọ mi."

Ìbítóyè ní, "Bàbá, bó jẹ́ ọjọ́ kan ló kù fún un, èmi ni n ó bá a lò ó."

Àbẹ̀kẹ́ ò bínú. "Ẹ bá wa lọ, sà, kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ."

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, àwọn mẹ́ta wọ mọ́tò. Kókó náà ò fi ìka kan tóbi sí i.

Adégbìtẹ́ bi dókítà: "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò là á?"

"Bàbá, iṣẹ́ mi ni kí n là. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Abẹ lè ṣe é níjàǹbá, kókó yìí ò sì dà á láàmú."

"Bó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́?"

"N ó lé ẹni tó bá mú abẹ wá síbẹ̀."

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí yin obìnrin yẹn. Ẹni tó mọ abẹ lò pọ̀, ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e sílẹ̀ ò wọ́pọ̀.

Ní gáréèjì, Ìbítóyè fẹ́ jókòó ti olólùfẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ tì í.

"Bọ́ sẹ́yìn, jàre. Jẹ́ kí ìyàwó mi jókòó tì mí. Mo fẹ́ bi í, uṣu mélòó làwọn ará ulé wọn í gbà fún ìdána."