Ẹni Tó Gé Rọ́bà Ẹ̀rọ Kékeré

Nígbà tí obìnrin ẹnjiníà náà ṣílẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ kékeré sí ní aago méje àárọ̀, ó rí i pé ẹnì kan ti gé rọ́bà tí epo ń gbà kọjá lára ẹ̀rọ náà sí méjì. Ó jókòó sórí páìpù kan tó wà nílẹ̀, ó sì tẹ ọ̀gá àgbà láago.

Iléeṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga epo ni. Àwọn rìgì tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ kò tóbi, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n dúró sí. Ọwọ́ lásán ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ti páìpù onírin sípò níbẹ̀, wọ́n sì ti fara gbá nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà yìí gan-an, mẹ́ta nínú ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló bá iṣẹ́ náà lọ, ó sì di ẹni tó ń jókòó ti géètì. Láti ọjọ́ náà ni àbúrò rẹ̀ ti ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa gbé páìpù dípò ènìyàn.

Ẹ̀rọ méjì ló wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn. Èyí ńlá lágbára, ṣùgbọ́n tó bá dúró sórí pèpéle rìgì tán, kò sí ibi tí ènìyàn máa fẹsẹ̀ sí mọ́. Kékeré ń ká apá rẹ̀ jọ bí àga tó ṣeé ká, àyè sì máa ṣẹ́ kù. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ dán kékeré wò. Bí ìdánwò náà kò bá wáyé, ńlá ni wọ́n máa rà, torí ọ̀gá àgbà ti ṣèlérí pé òun á fún àwọn tó ń tà á lésì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹ̀sùn ti wọ ẹnjiníà lọ́rùn. Kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ẹ̀dì méjì ló wà, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì lórí ìṣó nínú ọ́fíìsì tó jẹ́ pé àwọn ọ̀gá nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó ń ra ẹrù fún iléeṣẹ́, ọkùnrin kan tí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, ló sọ ọ́ jáde pé bóyá ẹnjiníà ló gé e fúnra rẹ̀, torí ó mọ̀ pé ìṣirò òun ò péye, tí ẹ̀rù ìdánwò wá ń bà á. Ọ̀gá àgbà, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àtìmọ́lé ló kù.

Ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá rí tínínrín, bàtà rẹ̀ sì ti gbó. Arínúróde ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, àmọ́ ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó fọwọ́ ra ilẹ̀, ilẹ̀ gbẹ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì epo kan wà lábẹ́ táńkì ẹ̀rọ, ẹni tó fa epo náà sílẹ̀ tún de ìdérí lé e. Tápù irin olórí ribiti tó wà nídìí táńkì ṣì wà ní ṣíṣí. Arínúróde fọwọ́ kan orí tápù náà, orí náà tún yí síwájú díẹ̀ kó tó dúró, Arínúróde sì dá a padà síbi tó ti bá a. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tó ń kánjú kò fi ṣí i dé òpin.

Ó kọjú sí ẹnjiníà. "Ta ló kẹ́yìn kúrò níbí lánàá?"

"Èmi ni, sà. Aago márùn-ún ni mo ti ilẹ̀kùn."

"Ṣé ìwọ lo gé e?"

"Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká dán an wò, sà. Ṣé ìgbà tó wá ku wákàtí díẹ̀ ni mo máa fi ọ̀bẹ gé e?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní géètì sọ pé lẹ́yìn tí àbúrò òun jáde, ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá tó ń rajà nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ọgbà. Ó fi kún un pé ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ńlá máa ń wá, "àna mi" ló sì máa ń pe ọ̀gá tó ń rajà.

Ọ̀gá tó ń rajà kò jiyàn àna. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun ni, ó sì bi Arínúróde bóyá ó lòdì sófin kí èèyàn ní àna. Ní ti ẹ̀rọ, ó fọwọ́ sọ̀yà. "Ìwé ni iṣẹ́ tèmi, ọ̀gá. Láyé mi, n ò gorí rìgì rí. N ò tiẹ̀ mọ èyí tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì."

Aago mẹ́sàn-án ni àgbà òṣìṣẹ́ rìgì, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Páìpù, kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dé láti ojú kànga kan tó jìnnà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n ti wà níbẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fura sí wọn. Arínúróde mú un dé ìdí tápù, ó sì ní kó yí i wò. Bàbá Páìpù rẹ́rìn-ín.

"Àgbà iṣẹ́ ló ṣí eléyìí, ọmọ mi. Tá a bá ṣí i dé òpin, a máa ń dá a padà díẹ̀ kó má baà há. Ó ti mọ́ wa lára, a kì í tiẹ̀ mọ̀gbà tá a ń ṣe é. Àwọn tó tilé ìwé dé kì í ṣe é."

Arínúróde pe ẹnjiníà, ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá tó ń rajà jọ. Ó gbé rọ́bà gígé náà lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Nígbà tí ọwọ́ gbogbo wọn ti kún fún epo, ó mú wọn lọ sídìí táńkì omi lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì. Irú tápù olórí ribiti yẹn ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà ṣí i díẹ̀, ó fọwọ́, ó tì í. Ẹnjiníà ṣí i dé òpin, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi fọwọ́ tán. Ọ̀gá tó ń rajà ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó ṣí i dé òpin, ó dá a padà díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́.

Bàbá Páìpù tó fara ti táńkì wò ó. "Rìgì wo lẹ ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá?"

"Èmi? N ò ṣiṣẹ́ rìgì rí."

"Ọwọ́ yín ti ṣe é," Arínúróde dáhùn. "Ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ ì bá gé rọ́bà yẹn, kí epo sì tú dà sí i lára. Ẹni tó gé e mọ̀ ọ́n, ó kọ́kọ́ fa epo sílẹ̀ kí aṣọ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Bó ṣe ṣí tápù yẹn lẹ ṣe ṣí eléyìí báyìí. Ẹni mẹ́ta péré ló lè mú kọ́kọ́rọ́, nínú wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣí tápù bí àgbà iṣẹ́. Tí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ ń fi pa mọ́, kí ló dé tí ẹ fi parọ́ pé ẹ ò gorí rìgì rí? Ẹ jẹ́ ká lọ wo búùtù mọ́tò yín."

Omi ṣì ń ṣàn lé ọ̀gá tó ń rajà lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, ọ̀bẹ náà wà níbẹ̀. Báyìí ni ọwọ́ palábá rẹ̀ ṣe ségi. Ọdún mẹ́fà ló fi gbé páìpù nígbà èwe rẹ̀, ó sì ń fi í pa mọ́ nítorí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti fọwọ́ kan epo rí. Àna rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé tí ẹ̀rọ ńlá kò bá tà, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ òun. Kò wo ojú ẹnjiníà nígbà tí wọ́n ń mú un lọ.

Ó ku wákàtí mẹ́ta sí ìdánwò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Bàbá Páìpù gbé rọ́bà tuntun wá, wọ́n dè é, wọ́n sì da epo padà. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀daràn tó fẹ́ràn ìmọ́tótó, ẹ̀kán epo kan ò ṣòfò. Ní aago méjì, ẹnjiníà fi ìka méjì di ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ mú. Ẹ̀rọ na apá, ó gbé páìpù nílẹ̀, ó nà án ró, ó gbé e wọ ẹnu ìkejì rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró lórí pèpéle, àyè gbà wọ́n, wọ́n kó ọwọ́ sápò. Páìpù ogún ló wọlé láìsí pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan ọ̀kankan. Inú wọn dùn débi pé Bàbá Páìpù bọ́ akoto, ó ń fi lu irin.

Ọ̀gá àgbà bẹ ẹnjiníà níwájú gbogbo èèyàn pé òun ti yára gba ọ̀rọ̀ burúkú gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní kékeré ni wọ́n máa rà, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kó mú ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà," ni ó wí. "Ìka méjì péré ni ọ̀pá yẹn ń fẹ́. Ó ṣì ní méjì lọ́wọ́ ọ̀tún."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì fúnra rẹ̀ rìn lọ sí géètì láti lọ pè é.